Karl Terzaghi, Ẹni tí ó Wádìí Agbára Ilẹ̀

Kò sí àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Òkun, ì báà ṣe ará Ìyàgbà tàbí Ìjùmú, Bùnú tàbí Kabba, tí kò mọ̀ pé ebè iṣu ní ìwọ̀n gíga tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ó bá na ebè sókè jù, tí ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri, òjò kan ṣoṣo tó láti ya á lulẹ̀. Àwọn tí ń fi amọ̀ mọ ilé láyé àtijọ́ náà mọ irú ọgbọ́n yìí: ipele kan ni wọn a mọ, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, kí wọn tó gbé òmíràn lé e lórí. Ẹni tí ó bá kánjú mọ ògiri rẹ̀ lóòjọ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá a ní ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkìtì mìíràn ti dé sí agbègbè náà, tí kì í ṣe ọkọ́ ni a fi kọ ọ́. Ní Ìtakpè, lẹ́bàá Okene, ní ilẹ̀ àwọn Ẹ̀bìrà tí wọ́n bá àwọn Òkun pààlà, òkè kan wà tí irin kún inú rẹ̀. Ní ọdún 1979 ni ìjọba dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti wa irin náà. Ní Ọbajánà, ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, lójú ọ̀nà tí ó ti Kabba lọ sí Lọ́kọ́jà, òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ni a ń wà. Ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì. A kì í wọ ihò lọ sábẹ́ ilẹ̀ láti wa irú kùsà wọ̀nyí. Láti òkè ni a ti ń gbẹ́ wọn, a ó ṣí ojú ilẹ̀ sílẹ̀ gbangba, kòtò náà a sì máa jìn sí i lọ́dọọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù òkúta Ìtakpè, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 36 péré ni irin. Ìyókù kò wúlò fún ẹni tí ń wá irin, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ àti àpáta tí ó bo irin náà mọ́lẹ̀ kò wúlò fún un. Níbo ni a ó kó gbogbo rẹ̀ sí? Ẹ̀gbẹ́ kòtò náà ni ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń dà á sí, títí òkìtì yóò fi ga bí òkè.

Báwo ni irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ṣe lè ga tó kí ó tó di ewu? Ṣé ó yẹ kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ máa sùn ní òru òjò? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọ̀mọ̀wé kankan ní gbogbo àgbáyé tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí pẹ̀lú ìdánilójú. Ẹni tí ó la ọ̀nà ìdáhùn náà jẹ́ ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Austria. Karl Terzaghi ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1883 ni a bí i ní ìlú Prague, tí ó wà lábẹ́ ọba Austria nígbà náà. Ọ̀gá ọmọ-ogun ni baba rẹ̀, nígbà tí ó sì fẹ̀yìn tì, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ kó lọ sí ìlú Graz. Nígbà tí Karl di ọmọ ọdún mẹ́wàá, a fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun, nítorí pé iṣẹ́ baba ni a fẹ́ kí ọmọ ṣe. Ìwé nípa ìràwọ̀ àti nípa àwọn ilẹ̀ òkèèrè ni ó fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ní ọdún 1900 ó wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Graz. A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ pé akẹ́kọ̀ọ́ rere ni ó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Àríyá ni ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kiri, díẹ̀ ni ó sì kù kí àwọn aláṣẹ lé e jáde. Olùkọ́ kan ni ó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Síbẹ̀, nígbà tí ó ṣe ìdánwò àṣekágbá ní ọdún 1904, ó yege dáadáa. Ó ṣe iṣẹ́ ológun fún ọdún kan lẹ́yìn èyí gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ wọn, nígbà tí àwọn mìíràn sì ń fi àkókò ìsinmi wọn ṣeré, ìwé kan lórí ìmọ̀ àpáta àti ilẹ̀ ni ó ń túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Jámánì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ gbé e rìn jìnnà. Ó ṣiṣẹ́ ní Croatia, níbi tí odò ti máa ń wọ inú ihò àpáta lọ tí a kì í rí i mọ́ títí yóò fi tún yọ ní ibòmíràn. Ó ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà. Níbi gbogbo tí ó dé ni ohun kan náà ti ń yà á lẹ́nu. Ẹnjiníà tí ó fẹ́ fi irin ṣe afárá mọ iye ẹrù tí irin rẹ̀ lè gbé, nítorí pé wọ́n ti dán an wò, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí ẹnjiníà yìí kan náà bá fẹ́ gbé ilé lé orí amọ̀, tàbí kí ó fi erùpẹ̀ ṣe ìsédò, àfojúbù ni yóò lò. Coulomb, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ti kọ̀wé ní ọdún 1776 nípa bí ilẹ̀ ti ń tì ògiri tí ó dá a dúró, ìwé náà sì dára fún iyanrìn gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ayé kì í ṣe iyanrìn gbígbẹ nìkan. Ìsédò ń wó, èbúté ọkọ̀ ń rì, ẹ̀gbẹ́ òkè ń ya bo ojú irin, àwọn ẹnjiníà a sì sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ní ọdún 1912, Terzaghi rò pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ń kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsédò ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn nígbà náà. Bí òun bá lọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí òun kọ irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde, ó dájú lójú rẹ̀ pé òfin ilẹ̀ yóò fi ara hàn. Ó rìn káàkiri fún nǹkan bí ọdún méjì. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá àwọn lébìrà lu ihò ilẹ̀ kí ó lè jẹun. Òfin kankan kò fi ara hàn. Ohun tí ó rí ni pé amọ̀ tí ó ru ilé ńlá ní ìlú kan ni ó gbé ilé mì ní ìlú kejì, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan náà ni a kọ sí ìwé fún méjèèjì. Amọ̀ ni a pè é, iyanrìn ni a pè é, ṣùgbọ́n orúkọ kò sọ ìwà. Ó padà sí Austria pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn. Bí ó ti wù kí ó rí, ìrìn-àjò òfo yẹn kò ṣàìwúlò, nítorí òun ni ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé a ní láti kọ́kọ́ wọn ìwà ilẹ̀ gan-an, kí a tó lè sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, a sì pè é sójú ogun. Ní ọdún 1916 a rán an lọ sí Istanbul, ní ilẹ̀ Tọ́kì tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Austria, láti kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1918, tí a sì ṣẹ́gun orílẹ̀-èdè méjèèjì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní ìlú náà, Robert College, ni ó gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ lówó táṣẹ́rẹ́. Níbẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí owó láti ra ẹ̀rọ. Nítorí náà, àpótí sìgá àti àwọn ohun àlòpatì inú ilé ni Terzaghi kó jọ tí ó fi ṣe irinṣẹ́. Ó fi amọ̀ tútù sínú òrùka irin, ó gbé òkúta tí omi lè gbà kọjá sí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé ẹrù lé e. Bí ènìyàn bá gbé ẹrù lé fùlùfúúlù, ojú ẹsẹ̀ ni yóò rọ. Amọ̀ Terzaghi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá kọ́kọ́ dé orí rẹ̀, ńṣe ni ó máa ń dúró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa rọ díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí omi ti ń sun jáde láti inú rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó ń wọn ọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó yé e. Omi inú amọ̀ ni ó kọ́kọ́ gba ẹrù náà rù. Bí omi bá sì ti ń jáde ni ó ń gbé ẹrù náà lé àwọn hóró amọ̀ lọ́wọ́, tí àwọn hóró náà sì ń fún mọ́ ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré létí ẹni tí ó bá kánjú gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ ilẹ̀ òde òní dúró lé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan lọ gbé òkúta ńlá nínú odò. Níwọ̀n ìgbà tí òkúta bá wà nínú omi, ó fúyẹ́. Nígbà tí ó bá gbé e jáde, ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Òkúta náà kò yí padà. Omi ni ó ń bá a gbé e tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú òkìtì ilẹ̀ rí. Àwọn hóró iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ń tẹ ara wọn tó ni wọ́n ń di ara wọn mú tó. Ìdìmú yìí ni kò jẹ́ kí òkìtì ṣubú. Bí omi bá wá kún àlàfo tí ó wà láàrin wọn, tí kò sì rí ọ̀nà jáde, omi náà yóò bá wọn gbé lára ẹrù. Àwọn hóró kò ní tẹ ara wọn bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ìdìmú wọn yóò sì dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni òkìtì kò fúyẹ́ sí i rárá. Ó tilẹ̀ ń wúwo sí i ni, nítorí omi òjò tí ó mu. Ohun tí ń fà á wálẹ̀ ń pọ̀, ohun tí ó dì í mú ń dín kù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti àwọn ẹnjiníà pàápàá, ni ó gbà pé omi ń mú kí ilẹ̀ yọ̀ bí ẹni fi ọṣẹ pa á. Terzaghi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ka sí i pé ilẹ̀ ibi tí òjò ti máa ń rọ̀ lọ́dọọdún kò gbẹ délẹ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ ti yíyọ̀ nìkan ni, omi díẹ̀ ti tó, gbogbo òkè ì bá sì ti wó tipẹ́. Ó ní kì í ṣe pé omi wà níbẹ̀ ni ewu, bí kò ṣe agbára tí omi náà fi ń ti àwọn hóró kúrò lára ara wọn.

Ní ọdún 1923 ó tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde, ní ọdún 1925 ó sì kọ ìwé ńlá kan ní èdè Jámánì lórí ìmọ̀ náà. Láàrin ọdún kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ti ránṣẹ́ pè é. Ọkùnrin tí ó bá àwọn lébìrà lu ihò ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn padà sí Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ní ọdún 1929 ó lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Vienna, ní ọdún 1930 ó sì fẹ́ Ruth Doggett, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àpáta. Títí ọjọ́ ikú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń wá òye yìí kiri, ìtàn yóò sì ṣe àbòsí bí a kò bá dárúkọ àwọn ará Sweden. Ní ọdún 1916, apá kan èbúté ọkọ̀ ní Gothenburg yọ́ sínú omi. Àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ tí ó ya náà kò ya ní gbọọrọ. Ó yí bírí ni, ojú ibi tí ó ti ya sì tẹ̀ bí inú igbá. Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n a ya àwòrán òkìtì náà sórí ìwé, wọn a fa ìlà tí ó tẹ̀ bí igbá gba inú rẹ̀ kọjá, wọn a sì gé ohun tí ó wà lókè ìlà náà sí wẹ́wẹ́ bí ẹní gé iṣu. Lára ègé kọ̀ọ̀kan wọn a ṣírò agbára tí ń fà á wálẹ̀ àti agbára tí ó dì í mú. Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí èyí tí ó dì í mú jẹ́ 13 nígbà tí èyí tí ń fà á jẹ́ 10, ìwọ̀n ààbò òkìtì náà jẹ́ 1.3. Bí ìwọ̀n náà bá sọ̀ kalẹ̀ dé 1, òkìtì ti dé etí bèbè. A ó tún ìlà mìíràn fà, àti òmíràn, títí a ó fi rí èyí tí ìwọ̀n ààbò rẹ̀ kéré jù, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ yóò gbà ya bí yóò bá ya. Ìmọ̀ Terzaghi nípa omi ni ó jẹ́ kí ìṣirò yìí di ohun tí a lè gbára lé fún ilẹ̀ tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe é láìka omi sí lè rí 1.5 lórí ìwé, kí òkìtì sì wà ní bèbè ìṣubú lójú ayé.

Òkìkí a máa bí ìlara. Ní Vienna, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń jẹ́ Paul Fillunger kọ ìwé pẹlẹbẹ kan, ó sì fi ẹ̀sùn kan Terzaghi pé irọ́ ni ìmọ̀ rẹ̀, àti pé òwò ni ó ń fi ṣe. Yunifásítì yan ìgbìmọ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ náà dá Terzaghi láre. Kí a tó parí ẹjọ́ náà tán, ní oṣù kẹta ọdún 1937, Fillunger àti ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn gba ẹ̀mí ara wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n yẹ ìwé Fillunger wò lẹ́yìn náà rí i pé òye rẹ̀ jinlẹ̀ púpọ̀ ní àwọn ibì kan, ìbínú ni kò jẹ́ kí a rí i. Ní ọdún kejì, Hitler gba ilẹ̀ Austria. Terzaghi kó ẹbí rẹ̀ kúrò, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, níbi tí ó wà títí di ọdún 1956.

Láti ìgbà náà lọ, ibi gbogbo tí ilẹ̀ bá ti ń da ènìyàn láàmú ni a ti ń pè é. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ kò yí padà. Kì í jókòó sí ọ́fíìsì kí ó máa ṣírò. Yóò lọ síbẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ rìn ín, yóò bi àwọn tí ń gbé ibẹ̀ léèrè ibi tí omi ti ń sun nígbà òjò, yóò sì jẹ́ kí a ri ọ̀pá oníhò sínú ilẹ̀ láti mọ ibi tí omi gòkè dé. Ó máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé ìpele iyanrìn tí kò nípọn ju ọwọ́ lọ, tí ó fara pamọ́ sínú amọ̀, lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá jẹ́. Nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1950 lórí bí ilẹ̀ ti ń ya, ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ kì í ṣàdédé ya. Kí ó tó ya, orí rẹ̀ yóò ti là, ìdí rẹ̀ yóò ti wú, yóò sì ti máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín. Bí ó bá ya ènìyàn lẹ́nu, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Áfíríkà náà jẹ nínú ọgbọ́n rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1955, wọ́n ń ṣe ìsédò Sasumua ní Kenya, kí àwọn ará Nairobi lè rí omi mu. Amọ̀ pupa ni ó wà níbẹ̀, irú èyí tí oòrùn àti òjò ilẹ̀ olóoru máa ń ṣe láti ara àpáta. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ìwà rẹ̀ kò bá ti amọ̀ ilẹ̀ òyìnbó mu rárá, ẹ̀rù sì ba àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà pé kò ní wúlò. Terzaghi wádìí rẹ̀, ó sì rí i pé àwọn hóró rẹ̀ wẹ́wẹ́ ti so mọ́ ara wọn ní ṣùùṣùù, nítorí náà ó lágbára ju bí ìwé ti wí lọ. Ó ní kí wọ́n fi ṣe é. Wọ́n sì fi ṣe é. Ní Íjíbítì pẹ̀lú, òun ni alága àwọn olùdámọ̀ràn fún ìsédò ńlá Aswan títí di ọdún 1959, nígbà tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ òun àti ti àwọn ẹnjiníà Rọ́ṣíà kò bá ara wọn mu.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1963 ni Karl Terzaghi kú ní ìlú Winchester, ní Massachusetts, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ní ọdún 1965, ìsédò kan tí ó kọ́ ní British Columbia, ní Kánádà, lórí ilẹ̀ tí ó ṣòro púpọ̀, ni a fi orúkọ rẹ̀ pè.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni aburú kan ṣẹlẹ̀ ní Aberfan, abúlé àwọn awa-èédú ní Wales. Lórí òkè tí ó wà lẹ́yìn abúlé náà, òkìtì méje ni wọ́n ti kó ìdàrọ́ èédú jọ sí. Ọdún 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó jẹ́ ìkeje, orí ìsun omi ni wọ́n sì gbé e lé. Ìsun omi náà kò fara pamọ́. Ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ọjà. Kò sí ẹni tí ó wádìí ibẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ sí i. Ní ọdún 1963 àti 1964, àwọn aláṣẹ ìlú kọ̀wé pé ẹ̀rù òkìtì náà ń bà wọ́n nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà nísàlẹ̀. Òkìtì náà ti yọ̀ díẹ̀ rí, wọ́n sì tún ń dà á lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1966, lẹ́yìn òjò ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà lókè rí i pé orí òkìtì náà ti rì. Ní ago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó já, ó di ẹrẹ̀, ó sì ya wá sí ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Pantglas ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì ni; ọjọ́ yẹn ni wọn ì bá gba ìsinmi àárín sáà. Ènìyàn 144 ni ó kú, ọmọdé sì ni 116 nínú wọn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí dá Àjọ Èédú lẹ́bi ní ọdún 1967. Ohun tí ó dun àwọn ọ̀mọ̀wé jù ni pé ìmọ̀ tí ì bá gba àwọn ọmọ náà là ti wà nínú ìwé fún ogójì ọdún. Ní Wales gan-an, lẹ́yìn tí òkìtì mìíràn ya dí ojú ọ̀nà ní Cilfynydd ní ọdún 1939, ilé-iṣẹ́ èédú kan ti kọ ìwé ìkìlọ̀ pé omi ni ọ̀tá òkìtì. Ìwé náà wà nínú fáìlì. Ọdún 1969 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe òfin pé a gbọ́dọ̀ máa yẹ gbogbo òkìtì ibi ìwakùsà wò.

Òfin ilẹ̀ kan kì í dé ilẹ̀ kejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní Hpakant ní ilẹ̀ Myanmar, òkìtì ibi ìwakùsà ya bo àwọn tí wọ́n sùn nísàlẹ̀ rẹ̀, ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì kú. Tálákà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń ṣa òkúta iyebíye kiri nínú ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ ti dànù.

Ní ibi tí a bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ lónìí, a máa ń yẹ ilẹ̀ ibi tí òkìtì yóò jókòó wò kí ọkọ̀ akẹ́rù àkọ́kọ́ tó dé. A ó ha amọ̀ rírọ̀ kúrò, a ó la ọ̀nà fún omi ìsun, a ó sì fi òkúta ńláńlá tẹ́ ìsàlẹ̀ kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. A kì í da gbogbo rẹ̀ láti orí òkè sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ó bá lè ya. Ní ìpele-ìpele ni a ń kó o, a ó sì fi àyè sílẹ̀ láàrin ìpele kan àti èkejì. Òkúta fífọ́ tí a dà sílẹ̀ láìtẹ̀ máa ń dá ìdagẹ̀rẹ́ tirẹ̀ yàn, ní nǹkan bí dígírì 37, ṣùgbọ́n tí amọ̀ bá dà pọ̀ mọ́ ọn, tàbí tí omi bá wọ̀ ọ́, ìdagẹ̀rẹ́ yìí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Bí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ bá rọ̀, a kò gbọdọ̀ kánjú dà á, kí omi inú amọ̀ lè ráyè jáde kí ẹrù mìíràn tó dé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń mọ ilé amọ̀ ti máa ń ní sùúrù fún ògiri rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó ri àwọn ọ̀pá omi Terzaghi sínú rẹ̀.

Láàrin oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, tí òjò ń rọ̀ láti Kabba dé Ìtakpè, ni àwọn ọ̀pá yìí ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹnjiníà tí ó mọṣẹ́ yóò lọ ka ìwọ̀n omi inú wọn lọ́jọ́ kejì òjò ńlá, yóò gun orí òkìtì láti wo bí ó bá ti là, yóò sì rìn yí ìdí rẹ̀ ká. Bí ó bá rí omi tí ń sun jáde níbẹ̀, yóò dúró wò bóyá ó mọ́ tàbí ó ti di ẹrẹ̀. Bí ó bá ti di ẹrẹ̀, yóò dá àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dúró, yóò sì ránṣẹ́ sí àwọn ará ìsàlẹ̀.